Gbàà! tí mọ́tò gíga ń dún nínú kòtò: bí ẹ ṣe máa mọ ibi tó ti ń wá

Ẹni tó bá ń wa mọ́tò lọ sí oko kòkó lẹ́yìn Ìdànrè mọ ìdí tí àwọn èèyàn fi ń gbé Hilux wọn sókè. Nígbà òjò, àgbàrá á ti la àárín ọ̀nà, òkúta á yọrí, abẹ́ mọ́tò á sì máa ha lórí rẹ̀. A ó wá ní kí mẹkáníìkì ki páákìn (irin tàbí rọ́bà tí wọ́n fi ń gbé mọ́tò ga) bọ̀ ọ́, mọ́tò á ga, á wù wá lójú. Kò ní pẹ́, gálọ́ọ̀pù kékeré kan báyìí, gbàà! Bí ẹni fi òòlù lu ṣásí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí a lọ ra sípíríǹgì tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi náà rà á. Owó náà ṣòfò, eyín mi sì ń gbọ̀n láti Àkúrẹ́ dé Àládé.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Tí táyà bá gun òkè kékeré, ó ń gòkè lọ sínú ara mọ́tò. Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù, ṣọ́ọ̀kì ló ń fà á kó má fò sókè sódò. Níbi tí ìrìn náà parí sí, rọ́bà kan wà tó ń gbà á mọ́ra, òun là ń pè ní sítọ́pà. Lórí mọ́tò tí a ò tíì fọwọ́ kàn, sítọ́pà ló ń kọ́kọ́ gba ìyà. Lórí èyí tí a ti gbé sókè, nǹkan mìíràn lè kọ́kọ́ kanlẹ̀ kí sítọ́pà tó mọ̀ rárá. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nìyẹn: kí ló ń kan kí ni?

Ẹ kọ́kọ́ fetí sí ìgbà tó ń dún. Tó bá dún bí táyà ṣe ń gun òkè tàbí bó ṣe wọ ìsàlẹ̀ kòtò, ó ń kanlẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ ti kọjá òkè náà, tí táyà ń já wálẹ̀ kó tó dún, ṣọ́ọ̀kì ti nà tán ni, kò kanlẹ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí mọ́tò bá ti ga ju gígùn ṣọ́ọ̀kì tó wà lára rẹ̀ lọ. Sípíríǹgì tó le kò lè wo ìyẹn sàn, ńṣe ló máa dá kún un. Ṣọ́ọ̀kì tó gùn tó ni ẹ máa wá, tàbí kí ẹ dín gíga mọ́tò kù.

Tó bá jẹ́ pé ó ń kanlẹ̀, ẹ fi àmì sí i. Ẹ ra okùn ike tí àwọn oníṣẹ́ iná mànàmáná fi ń so wáyà pọ̀, owó kékeré ni. Ẹ nu ọ̀pá dídán tó ń wọ inú ṣọ́ọ̀kì, ẹ so okùn náà mọ́ ọn, ẹ fà á wálẹ̀ kó jókòó sórí ara ṣọ́ọ̀kì. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé funfun kun orí sítọ́pà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (Yorùbá ti fi orúkọ kan náà pe nǹkan méjì, kó má bàa dà yín rú, ẹfun ni màá máa pe ti ìkọ̀wé). Ẹ kun inú mọ́gáàdì náà, lókè táyà. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ọ̀nà tó máa ń dún, pẹ̀lú ẹrù tí ẹ máa ń gbé àti eré tí ẹ máa ń sá. Ẹ má torí pé ẹ ń dán an wò kí ẹ rọra wà á.

Ẹ dúró, ẹ wọ abẹ́ mọ́tò. Bí ẹfun orí sítọ́pà bá ti nù, tí okùn ike sì ṣì kù díẹ̀ kó dé òpin ọ̀pá, mọ́tò ti lo gbogbo ìrìn rẹ̀: ẹrù pọ̀ jù, sípíríǹgì ti rẹ̀, tàbí ṣọ́ọ̀kì ti kú. Bí ó bá jẹ́ inú mọ́gáàdì ni ẹfun ti nù, táyà ńlá tí ẹ fi sí i ló ń kan ara mọ́tò. Ẹ wá táyà tó bá a mu, tàbí kí sítọ́pà tètè dá a dúró.

Èyí tó ṣòro jù ni pé okùn ike ti lọ dé òpin pátápátá, ẹfun sì wà lórí sítọ́pà bí ẹ ṣe kùn ún. Ṣọ́ọ̀kì ń kanlẹ̀ nínú ara rẹ̀, irin ń lu irin. Ohun tó fà á ni páákìn tí wọ́n fi sórí ṣọ́ọ̀kì iwájú. Páákìn yẹn kò fún táyà ní àyè kún àyè, ó kàn ti ṣọ́ọ̀kì wálẹ̀ ni. Sítọ́pà wà níbi tó wà látijọ́, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀kì ti ń tètè parí. Nítorí bí áàmù iwájú, irin tó so táyà mọ́ ara mọ́tò, ṣe rí, páákìn íǹṣì 1 lè gbé iwájú sókè tó nǹkan bí íǹṣì 2, nítorí náà kékeré kọ́ ni ìyàtọ̀ náà. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í da epo, tàbí kí ojú ibi tí wọ́n dè é mọ́ ya.

Ojútùú rẹ̀ ni kí sítọ́pà sún wálẹ̀: ẹ fi irin tàbí rọ́bà líle sí ìdí rẹ̀, tàbí kí ẹ ra èyí tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ẹ lè mọ bó ṣe máa nípọn tó, ẹ ní kí mẹkáníìkì yọ sípíríǹgì kúrò, kó dá ṣọ́ọ̀kì àti páákìn rẹ̀ nìkan padà, kó sì fi jáàkì ti táyà sókè títí sítọ́pà á fi tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ó yẹ kí ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ṣì ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 1 tàbí 2 tó kù. Kí mọ́tò wà lórí sítáńdì, kì í ṣe lórí jáàkì nìkan. Sípíríǹgì iwájú tó ká mọ́ra ń pa èèyàn, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi okùn dè é kó tó tú u. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ká a wà, ẹ wá ẹni tó ní in.

Mo ti rí mẹkáníìkì tó gé sítọ́pà dànù "kí mọ́tò lè ní àyè." Sítọ́pà ti èmi ló gé. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí lóòótọ́, àmọ́ àyè tí ṣọ́ọ̀kì máa fi kanlẹ̀ ló fún un.

Ẹ̀yìn mọ́tò, ẹrù ni ẹjọ́ rẹ̀. Àpò kòkó 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan, nǹkan bí ibi tí agbára Hilux mọ náà nìyẹn, awakọ̀ àti àwọn èrò tó jókòó síwájú sì wà nínú tọ́ọ̀nù náà. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín sítọ́pà àti irin ẹ̀yìn tó so táyà méjèèjì pọ̀ nígbà tí mọ́tò ṣófo, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n tí ẹ bá ti kó ẹrù. Tó bá ṣẹ́ ku ìka méjì péré, kò sí ṣọ́ọ̀kì owó gọbọi tó máa gbà yín. Ẹ fi ewé sípíríǹgì kan kún un. Ṣákúlù gígùn (irin tó so ewé sípíríǹgì mọ́ ṣásí) tí àwọn kan ń fi gbé ẹ̀yìn sókè kò lè gbé kìlógíráàmù kan kún un, ìdajì gígùn tí wọ́n fi kún ṣákúlù náà sì ni mọ́tò fi ń ga.

Ṣọ́ọ̀kì tó ti kú kò ṣòroó mọ̀. Tí ẹ bá kúrò lójú ọ̀nà burúkú, ẹ rọra fi ọwọ́ súnmọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ á gbóná, èyí tó tutù láàárín wọn ti fẹ̀yìn tì.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ yí ọwọ́ mọ́tò sọ́tùn-ún sósì kí ẹ rí i pé páìpù bíréèkì kò fà le, ẹ sì lọ ṣe aláínmẹ́ǹtì. Èmi ta sípíríǹgì líle yẹn, mo ra sítọ́pà tuntun, mo fi irin sí ìdí rẹ̀. Okùn ike náà ṣì wà lára ṣọ́ọ̀kì mi títí dòní. Mo máa ń wò ó tí mo bá ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lábẹ́ mọ́tò.