Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Àwọn Tó Ń Tún Kóńbì Àtijọ́ Ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra Kóńbì Volkswagen àtijọ́, tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ọ́ di ọkọ̀ téèyàn lè sùn sí lójú àjò, owó yín ń dùn mí. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, èyí tí wọ́n ti tún ṣe bàjẹ́ ni wọ́n sábà máa ń gbé wá bá mi.

Èkíní, ẹ má fojú ọ̀dà ra ọkọ̀. Ẹ dùbúlẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.

Èkejì ló ń bí mi nínú jù: bọ́dì fílà, ìyẹn ìpara tó ń gan tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀, lórí ìpẹtà. Kóńbì ò ní ṣáásí ọ̀tọ̀, ìyẹn egungun irin abẹ́ ọkọ̀, bíi ti ọkọ̀ akẹ́rù. Bọ́dì ẹ̀ fúnra ẹ̀, pẹ̀lú irin tí wọ́n jó mọ́ ọn lábẹ́, ló ń gbé gbogbo ẹrù. Tí irin gígùn abẹ́ ilẹ̀kùn bá ti jẹrà, ọkọ̀ á tẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn ò sì ní pa dé dáadáa mọ́. Fílà kì í ṣe irin. Ó ń fa omi. Tẹ́ ẹ bá fi bo ibi tó dógùn-ún, omi á gba ẹ̀yìn wọlé, ìpẹtà á sì máa jẹ irin lọ lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán.

Bàbá kan gbé tiẹ̀ wá láti Ọ̀yọ́ lásìkò òjò. Ó ti san owó gọbọi fún ẹni tó kùn ún kí ọdún Iléyá tó dé. Ọ̀dà abẹ́ ilẹ̀kùn ti lé ròrò bí awọ tí omi gbígbóná dà sí. Mo fi òòfà kàn án, òòfà já bọ́. Nígbà tí mo fi ṣísù ṣí i, ìwé ìròyìn ni wọ́n rún kì sínú ihò kí wọ́n tó rẹ́ fílà lé e, ìwé náà sì rin gbingbin. Bàbá náà kàn ń wò mí ni. Irin tó ti jẹrà, ẹ gé e kúrò títí ẹ ó fi kan èyí tó ń dán, kẹ́ ẹ wá jó tuntun mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni fílà tẹ́ẹ́rẹ́ lè wọlé, kó má sì ju mílímítà 3 lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi páànù òrùlé dí ihò. Ó fẹ́lẹ́ jù, èéfín síǹkì ara ẹ̀ sì máa ń dá ibà sí wẹ́dà lára. Wọ́n ṣe Kóńbì ní Bràsíl títí di 2013, irin tó bá a mu ṣì wà.

Ẹ má gé abẹ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún àti òsì pọ̀ láìfi irin há inú ọkọ̀. Bọ́dì á wọ́. Ẹ sọ fún wẹ́dà pé kó máa jó o díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Tó bá jó o lọ gbọọrọ, ooru á ká irin kò.

Práímà, ìyẹn ọ̀dà tí wọ́n kọ́kọ́ ń kùn sábẹ́, ò lè dá gba òjò dúró. Ẹ má sì kun ọkọ̀ níta nígbà ọyẹ́.

Ẹ wo ibi tẹ́ ẹ ń páàkì sí. Gọ́tà wà yíká orí Kóńbì. Ewé máńgòrò á kún ibẹ̀, omi á dúró, irin á jẹ. Àwọn ihò kéékèèké ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ńkọ́? Ibẹ̀ lomi ń gbà jáde, síbẹ̀ mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi fílà dí gbogbo wọn. Ẹ fi wáyà là wọ́n, kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì pa inú ilẹ̀kùn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.