Bí mo ṣe ṣètò ẹgbẹ́ orin orí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀rù àwùjọ ń bà

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Rẹ́mọ mọ̀ pé a kì í fi ayẹyẹ ṣeré. Láti orí ìkómọjáde dé orí ìsìnkú àgbà, títí kan Ojúde Ọba tí í wáyé ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, máa ń tò wọlé pẹ̀lú ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá, ohun tí ìlú ń retí ni pé kí ọmọ ènìyàn jáde, kí ó kí àgbà, kí ó jó, kí wọ́n sì rí i. Mo fẹ́ràn ìwà yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan wà láàrin wa tí ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n bí wọ́n bá ní kí wọ́n kàwé sókè ní kíláàsì, tí oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun wọn níbi tí ènìyàn bá ti ń wò wọ́n, tí wọ́n sì máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kí wọ́n má baà kan àlejò ní pálọ̀. Òbí a ní ìgbéraga ni, olùkọ́ a ní kò mọ ìwé ni. Láti ọdún 1980 ni ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀ ti ka ìpọ́njú yìí, ìyẹn ẹ̀rù àwùjọ, mọ́ àìsàn, ìgbà ọ̀dọ́langba ló sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ orin ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ṣàgámù. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣàkíyèsí pé àwọn tí kì í la ẹnu ní kíláàsì náà ló máa ń mọ orin jù, àti tuntun àti ti àtijọ́, wọ́n á sì mọ ibi tí gángan ti dákẹ́ àti ibi tí ó ti tún wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi pinnu láti dá ibì kan sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí orin yóò ti máa kó wọn jọ, kí wọ́n lè bá ara wọn pàdé láìjẹ́ pé ojú ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wà lára wọn.

Ìlànà tí mo gbé gbogbo rẹ̀ lé wà nínú orin ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀. Bí a bá tẹ́tí sí àpàlà Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó kú ní ọdún 1983, tàbí wákà Batili Alake tí òun náà wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, a ó gbọ́ pé ẹnìkan ló ń lé orin, àwọn tó kù sì ń gbè é. Ojú kì í wà lára elégbè, síbẹ̀ orin kò pé láìsí i. Ipò gidi ni, ó ní ẹ̀yẹ tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa ń bi elégbè pé kí ló dé tí kò bọ́ sí iwájú. Mo wá gbà pé ààyè láàrin àwọn elégbè ni ọmọ tí ẹ̀rù àwùjọ ń bà nílò ní àkọ́kọ́, níbi tí ohùn rẹ̀ yóò ti wúlò kí ojú tó kàn án, àti pé láti ibẹ̀ ni a ó ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un láti lé orin ní ọjọ́ tó bá wù ú.

Ibi tí ẹgbẹ́ náà yóò máa gbé ni mo kọ́kọ́ yanjú. WhatsApp ni àwọn òbí dábàá, nítorí pé òun ló wà lórí fóònù gbogbo ilé, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Nínú gúrúùpù WhatsApp, nọ́ńbà ènìyàn máa ń hàn sí àwọn tó kù, àmì búlúù méjì a sì máa tú àṣírí ẹni tó ka ọ̀rọ̀ tí kò dáhùn. Fún àwọn ọmọ wọ̀nyí, àmì yẹn nìkan tó láti gba oorun lójú wọn, nítorí pé wọ́n á máa rò ó títí ilẹ̀ fi mọ́ pé inú ń bí ẹni tí wọn kò dá lóhùn. Telegram ni mo mú. Ènìyàn lè fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ níbẹ̀, kí ó sì lo orúkọ mìíràn. Alákòóso sì lè ṣètò rẹ̀ pé ẹni tó bá kọ ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ sinmi fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó kọ òmíràn. Ìsinmi yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé kì í jẹ́ kí àwọn tí ẹnu wọn yá gba ilẹ̀ mọ́ ẹni tó máa ń ro ọ̀rọ̀ dáadáa kí ó tó sọ ọ́.

Orúkọ ohun èlò orin ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ níbẹ̀: Àgídìgbo, Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, Gúdúgúdú, Omele, Àkúbà. Orúkọ wọn gan-an wà nínú ìwé kan tó wà lọ́wọ́ èmi àti nọ́ọ̀sì kan tó ní ìmọ̀ nípa ìlera ọpọlọ, kò sì sí lórí fóònù kankan. Òfin ààbò ìsọfúnni tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 béèrè pé kí a gba ìyọ̀ǹda, nítorí náà òbí ló ń fọwọ́ sí i fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18, àwọn tó ti dàgbà sì ń fọwọ́ sí i fúnra wọn. Ẹni mẹ́jọ péré ni mo ń fi sí ẹgbẹ́ kéékèèké kan, mo sì rí i dájú pé ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra.

Nọ́ọ̀sì yìí ló tún jẹ́ kí n mọ iṣẹ́ tí David Clark àti Adrian Wells, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní ọdún 1995. Wọ́n ṣàlàyé pé nígbà tí ẹni tí ẹ̀rù àwùjọ ń bà bá wà láàrin èrò, ara rẹ̀ ni ó máa ń tẹjú mọ́: bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún, bóyá ó ń làágùn, bóyá wọ́n ti rí i pé ó ń gbọ̀n. Ó sì máa ń ní àwọn ọgbọ́n tí ó fi ń sá pamọ́, irú bíi kí ó máa wo fóònù, tàbí kí ó ti há ọ̀rọ̀ sórí kí ó tó sọ ọ́. Àwọn ọgbọ́n wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí ó rí i láéláé pé ewu tí òun ń bẹ̀rù kò sí níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ yìí ló tún ètò mi tò. Ìgbésẹ̀ tó ṣáájú ni pé kí wọ́n tẹ́tí: mo fi orin ránṣẹ́, mo sì ní kí wọ́n wá ibi tí ìlù ti yí padà, tàbí kí wọ́n ka iye ohùn tó wà nínú ègbè. Ẹni tó ń wá ibi tí ìlù ti yí kò lè máa wo ara rẹ̀ lákòókò kan náà. Lẹ́yìn èyí ni pípàtẹ́wọ́ tàbí fífi ìka lu tábìlì, lẹ́yìn náà kíkùn orin nínú ọ̀fun, lẹ́yìn náà ègbè. Kò sí ọjọ́ tí a dá fún ẹnikẹ́ni láti kúrò ní ìgbésẹ̀ kan bọ́ sí èkejì.

Ọ̀rọ̀ bí ohùn wọn yóò ṣe pàdé ló gba ìrònú jù. Kò ṣeé ṣe kí wọ́n máa kọrin pọ̀ lójú ẹsẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ohùn máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà. Bí ìdádúró náà bá ti kọjá nǹkan bí ìdá 30 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan, àwọn akọrin á bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de ara wọn, orin á sì máa falẹ̀ títí yóò fi tú. Dátà tí à ń lò níhìn-ín kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a ń ṣe ni pé onílù kan á kọ́kọ́ gba agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, n ó sì fi í ránṣẹ́. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á fi íápíìsì sétí, á máa gbọ́ agogo náà lórí BandLab, áàpù tí a fi ń gba orin sílẹ̀ lórí fóònù, á sì kọrin tirẹ̀ sí i ní àkókò tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Èmi ni mo wá ń kó gbogbo ohùn wọn pọ̀ pẹ̀lú Audacity, ètò tí a fi ń tún ohùn ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Fún àwọn ọmọ yìí, oore ńlá ni ìdíwọ́ íntánẹ́ẹ̀tì yìí jẹ́, nítorí pé kò sí ẹni tó ń dúró dè wọ́n, wọ́n sì lè pa èyí tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn rẹ́.

Ohùn àkọ́kọ́ tí Àkúbà fi ránṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìró fáànù ló kọ́kọ́ wọlé, aṣọ ń ha gbohùngbohùn fóònù nítorí pé ó da ìborùn bo orí kí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì má baà wọ inú rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó gbe ìlà kan, ó dákẹ́, ó sì tún un gbè láti ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, àmọ́ kò yẹ̀ lórí agogo rárá. Ó wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ohùn tèmi nìkan ni wọ́n máa gbọ́?" Mo dáhùn pé yóò wà láàrin ohùn méje mìíràn, mo sì fi orin tí mo ti pò pọ̀ ránṣẹ́ sí i ní òun nìkan kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ó di ọjọ́ kejì kí ó tó ní kí n gbé e jáde. Láti ìgbà náà ni ó ti di òfin pé ohùn ẹnikẹ́ni kì í jáde títí tí ẹni tó ni ín yóò fi gbọ́ ọ láàrin ti àwọn tó kù, kí ó sì gbà.

Àwọn òfin mìíràn kò pọ̀. Mo pa àwọn àmì ẹ̀rín àti àmì ìfẹ́ tí wọ́n máa ń tẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀, nítorí pé bí ẹnìkan bá gba mẹ́fà tí ẹnìkejì sì gba ẹyọ kan, ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A kì í bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dé tó dákẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ yin orin á sọ ohun tó gbọ́ nínú rẹ̀, bíi pé ègbè kejì wọlé ní àkókò, tàbí pé ohùn ìsàlẹ̀ gbé orin náà dúró. Nọ́ọ̀sì náà rò pé ó yẹ kí a máa fi ìyìn kún un fún wọn; èrò tèmi ni pé ìyìn tó pọ̀ jù jọ ìṣọ́ni lójú àwọn ọmọ wọ̀nyí, mo sì dúró lórí rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ di ibi ìsápamọ́ tuntun, nítorí náà ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn kì í ṣẹlẹ̀ lórí fóònù. Ẹni tó bá ti ń gbè orin dáadáa á kọ́kọ́ gbè é fún ẹnìkan ṣoṣo nílé, bóyá àbúrò tàbí ìyá àgbà. Lẹ́yìn náà ó lè lọ bi onílù kan ní iye tí ó ń ta gángan, tàbí kí ó lọ ra bátìrì ní ọjà Òkè-Ajé, kí ó sì nájà. Ẹni mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń pàdé lójúkojú, ìlù sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí ọwọ́ wọn lè ní iṣẹ́ tí yóò ṣe. Ẹni tí ìpọ́njú rẹ̀ bá ju agbára orin lọ, tí kò lè lọ sílé-ìwé mọ́, tàbí tó ń sọ pé ayé sú òun, lójú ẹsẹ̀ ni a ń bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, tí a sì ń darí wọn sí ilé-ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta tàbí ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Ṣàgámù níbí. Mo ti sọ èyí fún àwọn òbí láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé orin ti gba ipò dókítà.

Ní báyìí, díẹ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ti ń lé orin, Omele sì ti ń bá mi po ohùn pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ohun tí mò ń wá lọ́wọ́ ni ẹni tó mọ àgídìgbo lù dáadáa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí yóò gbà kí a gba ìlù rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, nítorí pé èyí tí à ń lò láti inú fóònù kò ní ìró igi nínú rárá.