Ẹ má tíì pín ìwé ìbéèrè yẹn: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe Másítà ìwádìí

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ìwé ìbéèrè Másítà mi jáde, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilé ìwòsàn kan n'Ìbàdàn ni mo lọ. Mo fẹ́ mọ bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe ń bá wọn fínra tó. Màmá kan lórí bẹ́ǹṣì wo ìwé tí mo nà sí wọn, wọ́n wo yíǹkì tí mo ní kí wọ́n fi tẹ̀ka, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀ ń yá èèyàn lówó ni? Èyí tí mo yá lọ́dún tó kọjá, mi ò tíì san án tán." Mo rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Àṣìṣe ti kún ọwọ́ mi kí n tó dé iwájú màmá yẹn, àwọn kan náà ni mo sì ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe Másítà nínú ìmọ̀ ìlera àti sàíkọ́lọ́jì báyìí.

Èyí tó bí àwọn yòókù ni pé a máa ń wá ìwé ìbéèrè ká tó wá ìbéèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọ láíbìrì, á fa pírójẹ́ẹ̀tì ẹlòmíì yọ, á yọ Ìlọrin kúrò, á fi Òṣogbo dípò, ó ti rí àkòrí nìyẹn. Bí súpáfáísọ̀ bá ní kí lo fẹ́ mọ̀ gan-an, á ní òun fẹ́ mọ ìmọ̀, èrò àti ìṣe àwọn ìyálọ́jà lórí nǹkan kan. Ẹ ti wá mọ̀ ọ́n, kí ló kù? Kí ni yóò yí padà? Bí ẹ ò bá lè dáhùn ìyẹn ní gbólóhùn kan fún ẹ̀gbọ́n yín tí kò ka ìwé ìlera, ẹ ò tíì ní àkòrí.

Ẹ má sì kàn kọ 384 sílẹ̀. Ìdajì pírójẹ́ẹ̀tì tí mo ti kà, 384 ni iye èèyàn tí wọ́n ní àwọn nílò. Fọ́múlà ló bí i: ẹ fi 1.96 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi 0.5 sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ wá fi 0.05 pín in lẹ́ẹ̀mejì. 0.5 yẹn túmọ̀ sí pé ẹ ò mọ iye àwọn tí nǹkan náà ń ṣe, ẹ wá gbà pé ìdajì ni. Bí iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú bá ti fi hàn pé ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni, 0.2 àti 0.8 lẹ máa fi dípò 0.5 méjèèjì, 246 ló máa já sí. Bó bá sì jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjì lẹ fẹ́ fi wéra, tàbí ìtàn èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ fẹ́ gbọ́, fọ́múlà yẹn kọ́ lẹ máa lò rárá.

Ibi tó ti dùn mí jù ni ìtumọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fi tú PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, sí Yorùbá. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ni, lórí bí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá ṣe rí fún èèyàn, ọ̀fẹ́ sì ni, kò dà bíi ti Beck, ìwé ìbéèrè ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn tí ẹ gbọ́dọ̀ rà. Àkọ́kọ́ ń bèèrè bóyá nǹkan kì í wu èèyàn ṣe mọ́, tàbí kì í dùn mọ́ ọn. Mo kọ ọ́ pé, "Ṣé ẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbádùn mọ́?" Bàbá kan wò mí tìyanu-tìyanu: "Bí mo bá gbádùn, ṣé mà á wà ní ọsibítù?" Ara ni wọ́n ń sọ, ọkàn ni mò ń bèèrè. Ó ti lé ní ogún èèyàn tó dáhùn kí n tó mọ̀ pé ara tí kò yá ni mò ń kà sí ìrẹ̀wẹ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tú u, kí ẹlòmíì tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì tú u padà, kí ẹ gbé méjèèjì síra. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti èèyàn mẹ́wàá, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n gbọ́. Àwọn èèyàn wa kì í sáábà sọ pé àwọn rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n á ní orí àwọn ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, àyà àwọn ń já. Ní 1960, Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí ìwé ò wọlé sí lórí mọ́. (Ẹni tó bá ti kọ Orí Kejì pírójẹ́ẹ̀tì rí, níbi tí a ti ń to iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú, mọ orí gbígbóná yẹn dáadáa.)

Ẹ má gbé iṣẹ́ SPSS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò dátà, fún ẹni tó ń ṣe é tà láìjókòó tì í. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń gbèjà pírójẹ́ẹ̀tì yín níwájú àwọn olùdánwò, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi.

Ó wá ku lẹ́tà tí gbogbo wa ń pè ní ẹ́tíkà, ìyẹn àṣẹ tí ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí a ń ṣèwádìí lára wọn máa ń fúnni. Kò sí lẹ́tà tó ń wo ẹ̀yìn: ẹ ò lè gba dátà tán kí ẹ tó lọ tọrọ àṣẹ. Ní Kánò ní 1996, nígbà tí àìsàn yírùnyírùn ń jà, iléeṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Àwọn òbí ní ẹnikẹ́ni ò sọ fáwọn pé ìdánwò ni. Lẹ́tà ẹ́tíkà tí wọ́n fi hàn, ẹ̀yìn ìdánwò ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n wá fi déètì tó ti kọjá sí i. Ní 2009, mílíọ̀nù 75 dọ́là ni wọ́n gbà láti san lórí ẹjọ́ ìpínlẹ̀ Kánò.

Èmi náà mọ ìtàn yìí, mo sì ṣì jáde kí lẹ́tà mi tó dé. Mo ní ìdánrawò lásán ni. Fọ́ọ̀mù ìgbìmọ̀ ẹ́tíkà ní àyè kan tí mo fò: bí ìbéèrè yín bá kan ẹni tó ń ro ikú, ta ni ẹ máa fà á lé lọ́wọ́? Orúkọ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kan, àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ìbéèrè kẹsàn-án nínú PHQ-9, òun gan-an ló ń bèèrè bóyá èèyàn ń ro ikú. Màmá orí bẹ́ǹṣì ti wá gbà pé n kò wá yá wọn lówó. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ojoojúmọ́ ni." Mo fa ìlà yí 3, ìdáhùn tó ga jù, ká, mo ní ẹ ṣeun mà, mo kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn.

Alẹ́ ni ó tó wọ̀ mí lára. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo sáré padà lọ. Nọ́ọ̀sì ní màmá wo nínú gbogbo àwọn màmá tó wá lánàá? Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Mi ò bèèrè orúkọ. 07 ni mo kọ síbẹ̀.