Ojú ń yún, ojú ń bó: ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí lórí ẹ́kísímà ojú

Apòògùn ni mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ti dúró lẹ́yìn káńtà làwọn èèyàn ń pè ní dókítà. Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, àwọn tó ń fi ìbòmú bo ojú wọ ṣọ́ọ̀bù wa máa ń pọ̀ sí i. Díẹ̀ nìyí nínú ohun tí wọ́n ń bi mí lórí ẹ́kísímà, àìsàn awọ tó máa ń mú kí awọ gbẹ, kó sì máa yún.

Dókítà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ń yún, ó ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja. Ṣé làpálàpá ni?

Làpálàpá sábà máa ń yí po bí òrùka: etí rẹ̀ á ga, àárín rẹ̀ á mọ́. Ẹ́kísímà kì í ní etí gidi. Ńṣe ló kàn ń tàn, awọ ibẹ̀ á gbẹ, á nípọn, á sì ṣú tàbí kó rí bí eérú. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ń pọ́n, àmọ́ lára àwa aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ imú, irun òkè ojú àti ẹ̀yìn etí ló ń bó, tí ìpẹ́ rẹ̀ lọ́ràá, tí orí náà sì ń yún yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ oríṣi mìíràn tí wọ́n ń pè ní seborrheic dermatitis. Ṣáńpù ketoconazole máa ń ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi fọ orí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìfófòó rẹ̀ wà lórí fún ìṣẹ́jú 5 kí ẹ tó ṣàn án. Ẹ má jẹ́ kó kan ẹyinjú o, ó ń ta.

Mo ra ìpara kan tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo nǹkan. Ọjọ́ 3 péré, ojú mi ti dán. Mo fi í sílẹ̀, ó padà wá, ó tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé ẹ ní i?

A ní i, àmọ́ mi ò ní tà á fún yín pé kẹ́ ẹ lọ fi pa ojú. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà kẹ́ ẹ kà á. Tẹ́ ẹ bá rí clobetasol tàbí betamethasone níbẹ̀, tí clotrimazole àti neomycin tàbí gentamicin tún tẹ̀ lé e, oògùn mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀: sítẹ́rọ́ọ̀dù tó le (oògùn tó ń mú wíwú àti yíyún rọlẹ̀), oògùn làpálàpá, àti oògùn bakitéríà. Sítẹ́rọ́ọ̀dù yẹn ló pa yíyún náà lọ́jọ́ 3. Awọ ojú fẹ́lẹ́, ó sì ń fa oògùn mu ju awọ ẹsẹ̀ lọ. Tó bá pẹ́, awọ á tín-ín-rín, iṣan wẹ́wẹ́ á máa hàn, ojú á sú. Tó bá sì jẹ́ làpálàpá ló wà níbẹ̀ látilẹ̀wá, sítẹ́rọ́ọ̀dù lè bò ó mọ́lẹ̀, kó máa tàn lábẹ́lẹ̀.

Obìnrin kan wá bá mi tó ti fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ pa ojú fún oṣù 7. Nígbà tó ká gèlè kúrò lójú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń dán bí bébà tí epo kán sí. Ó ní atẹ́gùn fáànù lásán ń ta òun, pé tóun ò bá fi ìpara náà kàn án fún ọjọ́ méjì, ńṣe ló dà bí ẹni fi ata pa òun lójú. Ọ̀dọ̀ dókítà awọ ni mo rán an lọ, ọ̀rọ̀ náà sì gbà tó oṣù mélòó kan kó tó rọlẹ̀.

Hydrocortisone 1%, sítẹ́rọ́ọ̀dù tí kò le, la sábà máa ń lò fún ojú àgbàlagbà. Ẹ fi fẹ́ẹ́rẹ́ pa ibi tó ń yọ yín lẹ́nu nìkan, kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 7 lọ àyàfi tí dókítà bá ní kó jù bẹ́ẹ̀, ẹ má sì fi sí ìpéǹpéjú láìbéèrè. Tó bá ń padà wá ṣáá, dókítà lè kọ tacrolimus, ìpara tí kì í ṣe sítẹ́rọ́ọ̀dù, fún yín. Ó máa ń ta díẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ kì í mú awọ tín-ín-rín.

Ẹ̀gbọ́n, ọṣẹ dúdú ni mo ń fi fọ ojú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ kó lè mọ́. Kí ló dé tó ń le sí i?

Àbúrò, o ń fọ̀ ọ́ jù ni. Eérú la fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, eérú yẹn ló ń gé epo, kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín epo ìdọ̀tí àti epo tí awọ fi ń dáàbò bo ara ẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lásán ti tó o láàárọ̀. Lálẹ́, lo ọṣẹ tí kò ní lọ́fínńdà. Fi tówẹ̀lì tẹ omi ojú gbẹ díẹ̀, má nù ún, kó o sì fi òrí tàbí Vaseline pa á kí omi tó gbẹ tán. Òrí dáa o, tí wọn ò bá ṣáà ti da nǹkan olóòórùn sí i.

Ọmọ mi oṣù 8 ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ha gan-an. Mo ń da oògùn apakòkòrò àrùn sómi ìwẹ̀ rẹ̀.

Ìyá ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé dà á. Ó ń gbẹ awọ, ó sì ń ta á. Itọ́ àti oúnjẹ tó ń ṣàn sí i lẹ́rẹ̀kẹ́ náà wà ńbẹ̀: ẹ fi Vaseline pa á kẹ́ ẹ tó fún un lóńjẹ. Ẹ gé èékánná rẹ̀. Sítẹ́rọ́ọ̀dù èyíkéyìí, dókítà ọmọdé ni kó sọ ọ́.

Piriton, oògùn ara yíyún yẹn, ń kọ́?

Oorun ló máa fún yín. Ó lè wúlò lóru, àmọ́ kì í wo ẹ́kísímà.

Ó ti lọ, ṣùgbọ́n ó fi àpá dúdú sílẹ̀. Kí n fi ìpara ìbóra sí i?

Rárá. Á máa ṣí fúnra ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lè gba oṣù púpọ̀. Ìpara ìbóra lè dá yíyún náà padà, àwọn mìíràn sì ní clobetasol kan náà nínú.

Ìgbà wo ni ò gbọdọ̀ dọ̀la?

Tí ìléròrò kéékèèké tí wọ́n jọ ara wọn bá sú pọ̀ lójijì, tí wọ́n ń dunni ju kí wọ́n máa yúnni lọ, pàápàá tí ibà bá wà ńbẹ̀ tàbí tí wọ́n sún mọ́ ẹyinjú, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má yà sọ́dọ̀ mi.