Bí ẹ ṣe lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tútù láàárín ẹgbẹ́ tó ń gun òkè

Ẹgbẹ́ wa ní Òṣogbo máa ń rìn ní ọjọ́ Sátidé. Nígbà mìíràn a máa ń gba inú igbó Ọ̀ṣun, nígbà mìíràn a ó wọ mọ́tò gba Iléṣà lọ sí Erin-Ìjẹ̀ṣà, kí a gun òkè omi Olúmirìn tó ní ìpele méje. Kí ó tó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ti máa ń fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ tí a kọ síra wa lórí WhatsApp ló máa ń pẹ́ lọ́kàn.

Ẹ fi ẹni tí kì í tètè bínú ṣe alákòóso. Kí gbogbo yín máa fi “ẹ” bá ara yín sọ̀rọ̀, àti àgbà àti akẹ́kọ̀ọ́, torí orúkọ nìkan lẹ rí lórí fóònù, ẹ ò rí ewú orí ẹni náà. Bí ẹ bá ń kéde ìrìn, ẹ sọ aago, owó mọ́tò àti ibi tí ẹ ó ti pàdé (Ọláìyá ni tiwa). Ẹ má kọ “kò jìnnà” láé. Ẹni tó ti gun ún rí nìkan ni kò jìnnà fún.

Ibi tí ìjà ti ń wá jù rèé: ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì ohùn. Ìyá kan jókòó sinmi ní ìpele kejì ní Erin, kò lè gòkè mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó bi wá bóyá kí òun wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Alákòóso dá a lóhùn pé “E ma bo”. “Ẹ máa bọ̀” ló ní lọ́kàn. “Ẹ má bọ̀” ni màmá kà. Wọ́n jáde kúrò nínú ẹgbẹ́, àwọn ọmọ wọn méjèèjì sì tẹ̀ lé wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi bẹ̀ wọ́n.

Nítorí náà, ẹ fi àmì sí i. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google fún fóònù, ní ti Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Bí fóònù yín kò bá gbà á, ẹ kọ “maa” ní a méjì, ó kéré tán. Èmi ò tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ìbáwí sílẹ̀ mọ́. Ohùn ni mo máa ń gbà sílẹ̀, màá kọ́kọ́ kí ẹni náà “ẹ kú ìrìn”, n kì í sì í jẹ́ kó kọjá ìṣẹ́jú kan.

Bí ó bá ti gbóná ńkọ́? Ẹ má dáhùn níwájú gbogbo ayé. Ẹ pe àwọn méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ní òwúrọ̀, kì í ṣe lóru. Bó bá jẹ́ àgbà ló ṣẹ̀, àgbà bíi tirẹ̀ ni kẹ́ ẹ rán sí i. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni àwọn tó ń dá sí i: bí ogún èèyàn bá ń kọ “ẹ má bínú” ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣe ni wọ́n ń ṣí egbò náà ní ìgbà ogún. Mo máa ń ti ẹgbẹ́ náà kó jẹ́ pé alákòóso nìkan ló lè kọ̀wé, títí ilẹ̀ ó fi mọ́. Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti igbó Ọ̀ṣun tún gba ìṣọ́ra. Ó wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO láti 2005, ṣùgbọ́n ibi ìjọsìn ni fún àwọn kan nínú wa, bí a ti ní Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Wọn kì í pẹja níbẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ rí pé òun ì bá fi ẹja odò yẹn se ọbẹ̀, ìjà sì dé. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó bi àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ nígbà tí a bá débẹ̀.

Ní ti fọ́tò, ẹ gba àṣẹ kẹ́ ẹ tó gbé ojú ẹnikẹ́ni síta. Fọ́tò ẹni tó dé gbẹ̀yìn ni èmi máa ń kọ́kọ́ gbé sí i, pẹ̀lú oríkì rẹ̀ bí mo bá mọ̀ ọ́n.