Bí ẹja inú táńkì bá ń kú lójijì, omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹja góòlù méje ló wà nínú táńkì 120 lítà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Òkè-Àró, Àkúrẹ́. Lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, márùn-ún kú. Mo fa omi kànga lálẹ́ Sátidé, mo fi pààrọ̀ ìdajì omi táńkì bí mo ṣe máa ń ṣe, mo tilẹ̀kùn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti léfòó, méjì tó kù sì ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi. Ibi tí mo ti ń ké kiri ni mo ti gbọ́ pé wọ́n ti da kòlórínì, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi, sí kànga láàárọ̀ Sátidé yẹn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín: ẹ má sáré ra oògùn. Ẹ bi ara yín, ṣé gbogbo wọn ló bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Bó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, omi ni, tàbí afẹ́fẹ́. Ẹ wádìí lọ́wọ́ ará ilé: ta ló fọ́n oògùn ẹ̀fọn? Ta ló fi ọṣẹ fọ òkúta inú táńkì? Wákàtí mélòó ni iná ti lọ tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ táńkì ò ṣiṣẹ́?

Ẹ kó òkú kúrò, ẹ dá oúnjẹ dúró, kí ẹ sì pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà. Omi tó ti wà nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí a ò dé fún wákàtí 24 ni kí ẹ lò. Bó bá ṣì ń rùn bíi kòlórínì, ẹ má dà á sí i. Èmi ò ní irú omi bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ni mo bá lọ fa omi kànga-dẹ̀rọ ládùúgbò kejì. Mo ń dà á látinú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn láti òkè, kó lè gba afẹ́fẹ́ dáadáa, kí n tó kó àwọn méjèèjì sínú rẹ̀. Bí iná bá lọ, ọ̀nà yìí náà ni: ẹ fi kọ́ọ̀bù bu omi táńkì, ẹ gbé e sókè, ẹ dà á padà, títí mímí wọn yóò fi rọlẹ̀.

Táńkì tuntun ló máa ń pa ẹja jù. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di amóníà, tó jẹ́ májèlé fún ẹja, bẹ́ẹ̀ àwọn bakitéríà tó ń jẹ ẹ́ ò tíì sí níbẹ̀. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó gbilẹ̀. Inú fóòmù fílítà ni wọ́n ń gbé, nítorí náà ẹ má fi omi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́. Omi táńkì tí ẹ bù jáde ni kí ẹ fún un nínú. Tẹtrasáíkílìn tí àwọn kan máa ń tú sómi lè pa àwọn bakitéríà yìí, ìyọnu á wá di méjì.

Bó bá jẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ṣàìsàn, ẹ wo ara wọn. Nígbà ọyẹ́ tí òru bá tutù, mo ti rí ẹfun tóótòòtó bíi gaàrí lára ìrù àti lẹ́bẹ́. Iyọ̀ ni mo fi wò ó: gíráàmù kan fún lítà kan, ìyẹn bíi ogún ṣíbí tíì fún táńkì mi. Mo kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú omi, mo sì pín in sí ọ̀nà méjì. Lọ́jọ́ kejì mo tún fi iye kan náà kún un. Ẹ má dáwọ́ dúró bí ẹfun náà bá ti lọ. Kòkòrò tó ń fa ẹfun yẹn kì í kú lára ẹja, ìgbà tó bá jábọ́ sínú omi ni iyọ̀ ń bá a. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo lò. Ewéko inú táńkì kì í fẹ́ràn iyọ̀, ẹ kó o jáde.

Ẹja tuntun, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán.

Bí ọ̀rọ̀ bá sì kọjá agbára yín, FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ní ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ẹja. Ẹ gbé ẹja tó ń ṣàìsàn lọ láàyè, kí ẹ sì bu omi táńkì sínú ìgò lọ́tọ̀.

Àwọn méjèèjì mi ṣì wà. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì mi báyìí, omi wọn ò gbọdọ̀ tán. Ìyá onílé wa náà, kí wọ́n tó da nǹkan sí kànga, wọ́n á kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi.