Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣọ́ òṣùpá fún oṣù kan

Ẹ̀yin òbí, ẹ kú ilé o. Tí oṣù tuntun bá lé, ẹ mú àwọn ọmọ jáde ní kété tí oòrùn bá wọ̀, kí wọ́n wo ìwọ̀-oòrùn. Wọ́n á rí i tẹ́ẹ́rẹ́ bí èékánná. Kí wọ́n yà á sínú ìwé, kí wọ́n sì máa yà á lálaalẹ́. Á máa sanra títí á fi di àrànmọ́jú ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ọjọ́ 29 àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ọmọ mi, ọmọ ọdún 5, bi mí pé ta ló ń jẹ ẹ́. Mo gún ọsàn mọ́ orí bírò, mo tan tọ́ọ̀ṣì sórí tábìlì nínú òkùnkùn, mo ní kó gbé ọsàn náà ga díẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, kó máa yí lójú kan. Nígbà tó kọ ẹ̀yìn sí iná, ọsàn mọ́lẹ̀ rokoṣo. Nígbà tó kọjú sí i, ó ṣókùnkùn. Ó pariwo: “Màámi, kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́!”

Ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́, tí òkè Olósùnta bá bo òṣùpá mọ́ yín lójú, ẹ sún síbi tí òkè náà kò ti dí yín lójú. Ọmọ tó bá ń tètè sùn ńkọ́? Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé àrànmọ́jú, ẹ fi òṣùpá àárọ̀ hàn án lójú ọ̀nà ilé ìwé.